Bí Mo Ṣe Bá Àwọn Afọwọ́kan-Okùn Rojọ́ ní Apá Òkun

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin tí òjò lé kúrò lóko. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìfẹ́ mi ló gbé yín wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lọ́sàn-án yìí. Òrùlé tiyín tó ń jò ni. Kò burú. Ẹni tí òjò bá lé wọ ilé ọdẹ, ìtàn ọdẹ ni yóò gbọ́. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ gbọ́, òjò ṣì wà níta, kò tíì lọ síbì kankan.

Èmi Ọdẹ́rìndé tí ẹ ń wò yìí, tí ẹ rò pé kò mọ̀ ju kó máa ka eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ lọ, èmi ni ẹfọ̀n máa ń rí lọ́nà tí yóò yà sí ẹ̀gbẹ́ igbó, tí yóò ní kí n kọjá. Ìwọ Láníyonu, má rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí ìwọ rí ẹfọ̀n gbẹ̀yìn, àkàbà ni wọ́n fi gbé ọ sọ̀kalẹ̀ lórí igi. Iwin ti bá mi jìjàkadì láàárọ̀ rí, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, ó ti ń bá mi ru ẹran ìgbẹ́ wá sílé. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù láyé yìí, òun ni omi tí ẹsẹ̀ mi kò bá kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá wo bí orí ṣe ń bá ènìyàn ṣeré: ọmọ etí òkun ni mo lọ fẹ́.

Òde-Iyọ̀ ni orúkọ ìlú wọn. Níbẹ̀, òkun ya wọ inú ilẹ̀, ilẹ̀ sì ká a mọ́ra bí ìyá ṣe ń fi apá ká ọmọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe omi náà ní Apá Òkun. Omi ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, igi ẹ̀gbà sì fi gbòǹgbò gígùn dúró sínú ẹrẹ̀ yí etí rẹ̀ ká. Akínyọmí, àbúrò ìyàwó mi, ló mọ ọ̀nà omi náà jù láàárín gbogbo apẹja wọn. Ó mọ ibi tí kúta, ẹja gígùn eléyín ajá nì, ti ń lé ṣáwá nígbà tí omi bá ń kún, ó sì mọ ihò tí ọ̀bọ̀kún ń sá sí nígbà tí omi bá fà. Nígbàkigbà tí mo bá lọ kí àwọn àna mi, yóò fẹ́ fà mí wọ ọkọ̀, èmi yóò sì ní inú ń run mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa ẹkùn, ẹ wá ń sá fún omi tí àwọn ọmọdé ń wẹ̀ nínú rẹ̀!” Báyìí ni yóò ṣe máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ rẹ̀ dá wá sí èbúté láìsí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Àjẹ̀ tó fi ń wà á wà níbẹ̀, ìwọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìjẹ lẹ́nu. Akínyọmí ni kò sí. Nígbà tí èmi àti Ọmọ́wùmí ìyàwó mi fi máa dé, ìyá wọn ti jókòó sétí omi, kò jẹ, kò mu, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lójú omi. Àwọn ọkùnrin Òde-Iyọ̀ dúró tì í, wọ́n ń ṣàlàyé. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹnì kan ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà kun ọkọ̀ òun ni, kò tíì gbẹ. Ẹlòmíràn ní òun tilẹ̀ ti gbéra, àlá tí ìyàwó òun lá ló dá òun padà. Gbogbo wọn gbà pé àwọn àǹjọ̀nnú tó ń gbé lẹ́yìn igi ẹ̀gbà ló mú ọmọ náà, gbogbo wọn sì gbà pé ó yẹ kí ẹnì kan lọ wá a.

Ìyá náà gbójú sókè wò mí. Ó ní, “Ọkọ ọmọ mi, mo mọ̀ pé o kò mọ omi. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ omi ti jókòó. Jọ̀ọ́, bá mi wá ọmọ mi.”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn. Mo ní, “Yéyé, bí n kò bá mú Akínyọmí padà wá, ẹ má ṣe pè mí ní ọdẹ mọ́.” Ẹnu mi ló sọ ọ́ o, orúnkún mi kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń ṣèlérí náà.

Mo wọ ọkọ̀ Akínyọmí, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká. Mo di àjẹ̀ mú bí ẹni di ọkọ́ mú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè lójú omi. Ọkọ̀ yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún, ó fi ẹ̀gbẹ́ ṣáájú bí ìgbà tí akàn bá ń lọ sóde. Àwọn ọkùnrin Òde-Iyọ̀ bú sẹ́rìn-ín létí omi. Ẹ̀yìn tó ń dun ẹni ìṣáájú kò tilẹ̀ dí ẹ̀rín rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí mo fi máa dé ẹ̀yìn igi ẹ̀gbà, ẹ̀tù inú ìbọn mi ti rin gbingbin, kò lè yìn mọ́. Mo fi ìyẹn pamọ́ sínú ara mi. Ohun tí ọ̀tá kò bá mọ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì lè bà á.

Ìlú kan ni mo kọ́kọ́ bá lórí òkìtì iyanrìn láàárín omi. Ẹ gbọ́ o, apá àwọn ará ìlú yìí gùn débi pé wọ́n ń wọ́ ọ nílẹ̀ lẹ́yìn ara wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹun, wọn a dojú bolẹ̀ bí ewúrẹ́, nítorí ọwọ́ wọn ti jìnnà sí ẹnu wọn. Mo kí wọn, mo sì bi wọ́n léèrè ohun tó fa irú apá bẹ́ẹ̀.

Àgbà wọn dáhùn pé, “Ẹja tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ni. Apẹja pàtàkì ni gbogbo wa. Bí ẹja bá bọ́, a ó padà wálé, a ó sì ya apá fi bó ṣe tóbi tó han aráyé. Bí a bá tún un sọ lọ́jọ́ kejì, ẹja náà a ti dàgbà sí i, apá náà a sì gùn sí i.”

Mo ní, “Àwọn tí ẹ rí pa ńkọ́?”

Wọ́n wo ara wọn lójú. Kò sí egungun ẹja kan ṣoṣo nínú ìlú náà. Wọ́n yí mi ká, wọ́n ní àlejò kì í kọjá níbẹ̀ láìsọ ti ẹja tirẹ̀ tó bọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Ẹnu mi ti là, mo ti fẹ́ sọ ti ẹja kan tó tó ilé ìyá Láníyonu, nígbà tí mo rí i pé ìka ọwọ́ mi ti ń gùn jáde bí èèhù iṣu. Ọgbọ́n sọ sí mi nínú. Mo kígbe pé, “Ẹ̀yin ará, n kò pẹja rí! Kò sí ẹja tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí! Bí mo bá tilẹ̀ rí ẹja láàyè, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń dì í mú!”

Háà! Òtítọ́ dé ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Àwọn obìnrin ń pariwo, àwọn àgbààgbà fẹ́ fi ìka di etí wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn jìnnà sí etí wọn. Níbi tí wọ́n ti ń lọ́ mọ́ra wọn lápá, mo bọ́ sínú ọkọ̀, mo sì wà á lọ. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń fi ìwọ̀nba purọ́.

Ẹnu omi tóóró kan ni mo tún kàn. Akàn kan tó tó màlúù dúró dí ibẹ̀, ó fi ilẹ̀kẹ̀ sí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, oyè rẹ̀ sì pọ̀ débi pé nígbà tó fi kà wọ́n tán fún mi, mo ti sùn, mo ti jí. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí n kọjá àfi bí mo bá já àlọ́ òun. Bí n kò bá sì já a, òun yóò gé mi ní orúnkún.

Ó ní, “Kí ni ó ń lọ sójú omi lójoojúmọ́ tí kì í tutù?”

Mo ronú títí. Ẹ̀rù ń bà mí fún orúnkún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wúlò fún mi púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá, mo rántí àwọn tí mo fi sílẹ̀ ní Òde-Iyọ̀, inú sì bí mi. Mo ní, “Olórí ẹgbẹ́ apẹja!”

Ẹ̀rín gbé akàn yìí. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi là. Ó ní, “Òjìji ni ìdáhùn tí bàbá mi kọ́ mi, ṣùgbọ́n tìrẹ dára jù ú lọ. Ìlú kan wà níwájú tí gbogbo wọ́n jẹ́ olórí. Ṣé ibẹ̀ lò ń lọ?”

Mo sọ fún un pé àna mi ni mò ń wá. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ kíá. Ó ní, “Tètè o. Nítorí ẹja ọba ni wọ́n ṣe dè é mọ́lẹ̀. Bí omi bá kún dé àtẹ̀gùn ààfin, wọn yóò sè é, wọn yóò sì pín in jẹ. Omi sì ti ń kún.” Ó yà fún mi, ẹ̀gbẹ́ ló sì gbà lọ bí ìṣe wọn.

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bí mo ṣe wa ọkọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Apá tí kò mọ àjẹ̀ dì mú láàárọ̀ ti wá mọ̀ ọ́n dì mú.

Mo dé ìlú náà. Ọba wọn ń jẹ́ Ajẹmápẹja, ikùn rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ jókòó sórí ìtẹ́. Akínyọmí ni mo kọ́kọ́ rí, tí wọ́n dè mọ́ òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ńlá kan. Ó rí mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ wa ọkọ̀?” Omi bọ́ lójú mi, mo díbọ́n pé omi òkun ló ta sí mi.

Kí n tó lè sọ̀rọ̀, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ létí omi tó yà mí lẹ́nu. Àwọ̀n gbàràmù-gbaramu kan wà nínú omi, okùn rẹ̀ sì gùn wá sí orí iyanrìn. Ìyá arúgbó iwin kan ló ń fà á. Òun nìkan ni. Àfàìsinmi ni wọ́n ń pè é. Ó fi okùn kọ́ èjìká, ó ń tẹ̀ síwájú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, gbogbo ìlú sì sùn sábẹ́ òjìji igi. Ó fà á títí àwọ̀n fi kan iyanrìn. Bó ti kàn án báyìí, ẹnì kan fun fèrè, gbogbo ìlú sì ta gìrì dìde! Ìjòyè ń ti ìjòyè, aláìsàn fo ọmọdé kọjá, wọ́n sáré wá fọwọ́ kan okùn, wọ́n sì gba ibẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń pín ẹja. Wọ́n na okùn sí ọba lórí ìtẹ́, òun náà fi ìka kékeré kàn án.

“Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà!” ni wọ́n ń kọ lórin.

Akínyọmí sọ ọ̀ràn rẹ̀ fún mi kíákíá. Wọ́n mú òun nígbà tóun ń lé kúta wọ àárín igi ẹ̀gbà, wọ́n sì fi òun síbi okùn kí òun máa bá ìyá náà fà á. Lọ́jọ́ kan, kúta olówó-ẹyọ-nírù tí ọba ń sìn, tó fẹ́ràn ju ọmọ rẹ̀ lọ, kó sínú àwọ̀n. Ẹnikẹ́ni kò wò ó. Wọ́n fọwọ́ kan okùn, wọ́n pín in, wọ́n sè é, wọ́n jẹ ẹ́. Ọba fúnra rẹ̀ gba ìrù nítorí pé ìrù ló lọ́ràá jù, ìgbà tí owó ẹyọ dún kàkà lẹ́nu rẹ̀ ló tó mọ ẹni tó ń jẹ. Wọ́n ní àlejò ló pa á.

Mo wo ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Omi ti ń lá a. Mo gbé ìbọn tó tutù náà sókè, mo sì ké pé, “Kábíyèsí, àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kí ni òfin okùn ìlú yín?”

Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Ẹni tó bá fọwọ́ kan okùn ló pa ẹja, òun ló sì ní ìpín!”

“Òfin yìí dára. Lọ́jọ́ tí kúta olówó-ẹyọ kó sínú àwọ̀n, ta ló fọwọ́ kan okùn?”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n rò pé ìpín mìíràn ni mo fẹ́ fún wọn. Gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Balógun na ọwọ́ méjèèjì. Obìnrin kan gbé ọwọ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ọba na ìka kékeré.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ẹ ṣeun. Gbogbo yín lẹ pa kúta ọba nìyẹn, Kábíyèsí pẹ̀lú. Ẹni tó bá jẹ gbì, a kú gbì. Ẹ gbé ìkòkò sí i, ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀kan yìí kò ní gbà yín.”

Ẹ wá wo bí ọwọ́ ṣe ń sọ̀kalẹ̀! Balógun ní eṣinṣin lòun ń lé kúrò lára okùn. Ìyálóde ní etí aṣọ òun ló kàn án, ara òun kò sí níbẹ̀. Baálẹ̀ kan ní òun ń súre fún okùn ni, òun kò mọ̀ pé ọwọ́ ti kàn án. Akọrin wọn tó ń kọ àgbájọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan ní òun kò lọ́wọ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun.

Mo ní, “Bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, olè ni yín, nítorí ẹ jẹ ìpín. Èwo lẹ fẹ́ mú, pípa ẹja ọba àbí olè?”

Wọ́n ń wo ilẹ̀. Ọba họ ikùn rẹ̀ títí, ó sì ní, “Ó dára. Àlejò tí a dè mọ́ òpó yìí nìkan ló fọwọ́ kan okùn. Ẹ dáná.”

Ọgbọ́n tí mo ní ti tán síbẹ̀, ìbọn mi kò sì lè yìn. Omi gun àtẹ̀gùn náà. Mo wo Akínyọmí, òun náà ń wò mí, n kò sì mọ ohun tí n óò lọ sọ fún ìyá rẹ̀.

Nígbà náà ni Àfàìsinmi sọ okùn èjìká rẹ̀ kalẹ̀. Ó rìn wá síwájú ọba, ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Okùn ti kọ ilà sí i jinlẹ̀jinlẹ̀.

Ó ní, “Kábíyèsí, èmi fọwọ́ kan okùn. Èmi ló fà á ṣáájú kí ọmọ yìí tó dé, èmi náà ló fà á lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ sè é, ẹ sè mí mọ́ ọn.”

Balógun fi ẹnu sí etí ọba. Ọ̀rọ̀ àṣírí ni ó fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù jẹ́ kó sọ ọ́ sókè: “Kábíyèsí, bí a bá se ìyá yìí, ta ni yóò fa àwọ̀n lọ́la?”

Ọba wo ikùn rẹ̀. Ó wo omi. Ó wo gbogbo àwọn ìjòyè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì rí ọwọ́ kankan tó le. Ó wú ikọ́, ó ní, “A ti wádìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Àìsàn ló pa kúta náà. Ó ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Ẹ tú àlejò sílẹ̀. Àfàìsinmi, padà sídìí okùn.”

Wọ́n tú Akínyọmí, ó sì di mọ́ mi lọ́rùn bí ọmọ ọwọ́. A wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó náà kò padà sídìí okùn. Ó rìn wọ inú omi, ó gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀ wa, ó gbé ìkejì, ó sì jókòó.

Ó ní, “Ẹ wà á ká lọ.”

Ariwo ta! Ìgbà yìí ni wọ́n wá rí i pé òun ni oúnjẹ wọn. Wọ́n ya bo okùn tí a fi so ọkọ̀ mọ́ èékàn, ọba fò sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́, ikùn tẹ̀ lé e, gbogbo wọ́n di okùn mú, wọ́n sì ń fà. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni o. Wọ́n fà á ní tòótọ́! Akínyọmí ń wà síwájú, èmi náà ń wà, ọkọ̀ sì ń padà sẹ́yìn sọ́dọ̀ wọn. Ẹrẹ̀ ń fọ́n, iṣan ń yọ lọ́rùn àwọn tí kò gbé ṣíbí tó wúwo rí. Ìdí ọkọ̀ kan iyanrìn.

Àfàìsinmi yíjú padà, ó wò wọ́n láti orí Balógun dé orí ọba.

Ó ní, “Àṣé ẹ lágbára lápá báyìí.”

Ó yọ ọ̀bẹ tí Akínyọmí fi ń gé ìjẹ nínú ọkọ̀, ó sì gé okùn náà. Gbogbo ìlú ṣubú sẹ́yìn lu ara wọn nínú ẹrẹ̀, ọba ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Obìnrin yìí kò wẹ̀yìn mọ́ títí a fi dé Òde-Iyọ̀.

Nígbà tí ìyá Akínyọmí rí ọmọ rẹ̀, ó kọ́kọ́ gbá a létí, lẹ́yìn náà ló wá dì mọ́ ọn, tó ń sunkún. Ó bi í léèrè pé ta ni àgbà tó tẹ̀ lé wọn wá. Akínyọmí ní, “Yéyé, nígbà tí gbogbo ìlú sẹ́, òun nìkan ló ní òun wà níbẹ̀.” Ìyá náà kò béèrè nǹkan mìíràn. Ó yan ẹja, ó gbé odidi ọ̀kan síwájú Àfàìsinmi. Ìyá arúgbó náà fọwọ́ gé orí rẹ̀, ó sì ti ìyókù padà, nítorí orí nìkan ni wọ́n ń fún un níbi tó ti ń fa àwọ̀n. Ìyá Akínyọmí di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e sí àárín ẹja náà, kò sì yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Ibi tí òjò dá sí ni ìtàn mi náà dá sí. Mo rí i pé ẹ ti ń dìde, ẹ ń dúpẹ́, ẹ ní mo kú iṣẹ́ ẹnu. Ó dára. Àwọn àga tí ẹ jókòó lé wọ̀nyí, ta ni yóò bá mi kó wọn wọlé? Láníyonu, o ní ẹ̀yìn ń dùn ọ́? Ẹ̀yin ìyókù ńkọ́, kí lẹ ń wá nílẹ̀ tí gbogbo yín tẹjú mọ́ ọn?